Síkì Gígùn Mísítà Len àti Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ọmọ bá fẹ́ rìnrìn àjò, àdúrà tí Bàbá mi máa ń fi sìn ín kì í gùn. "Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀." Ó tán. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí i láì ronú sí i. Ìgbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Salford, tí mo wá iṣẹ́ tó bá ìwé mi mu títí tí mi ò rí, ibi tí mo ti wá rí iṣẹ́ nígbẹ̀yìn ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó kí ẹsẹ̀ wọn lè yọ̀.

Ilé ńlá kan ni, kò jìnnà sí Stretford. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìta á rò pé ilé ìkẹ́rùsí ni. Nínú rẹ̀, wọ́n mọ òkè gbọọrọ kan, wọ́n fi ẹ̀rọ da yìnyín bò ó, wọ́n sì mú kí ibẹ̀ tutù bí inú fìríìjì tọ̀sán-tòru. Àwọn oníbàárà á so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, ohun tí wọ́n ń pè ní síkì, wọ́n á yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á fà wọ́n gòkè, wọ́n á tún yọ̀ bọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn ẹsẹ̀ wọn, kí n fún wọn ní bàtà, kí n sì rí i pé irin tó de bàtà mọ́ síkì kò le jù, kò sì rọ̀ jù.

"Wọ́n ń yọ̀ ṣubú?" Bàbá mi bi mí lórí fóònù.

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣubú, sà."

"Wọ́n sì ń sanwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwọn tí òtútù ń pa níta, wọ́n tún lọ kọ́lé fún òtútù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ìwọ ṣáà má bá wọn yọ̀."

Mo ní mi ò ní bá wọn yọ̀.

Kò rọrùn láti bá Bàbá mi sọ̀rọ̀ báyìí nígbà yẹn. Màá ra káàdì ìpè, màá pe fóònù wọn, Bísí àbúrò mi, tí ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, ló sì máa gbé e. "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọn ò sí nílé. Wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ jáde." Fóònù kì í bá Bàbá mi jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè ké pè é lẹ́yìn. Wolé-wolé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ wọn, láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń yẹ ìkòkò omi àti àgbàlá àwọn èèyàn wò. Ìgbà tí iṣẹ́ tán, kẹ̀kẹ́ kò tán. Wọn kì í kàn jókòó lé e bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wọ́n á tì í sáré díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á gun ibi ìtẹ̀ẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á sì gba ẹ̀yìn fò kọjá orí ìjókòó láìyára, bí ẹni tó ń ṣí ìwé ńlá. Mo gbìyànjú ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo kàn fi itan gbá irin ni.

Inú ilé kan ní Salford ni mò ń gbé pẹ̀lú Bọ̀dá Ráṣídì, ọmọ Ìlọrin, tó ń ti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn kiri ní ọsibítù ńlá tó wà ní Crumpsall. Ọjọ́ tí mo sọ iṣẹ́ mi fún wọn, wọ́n gbé ife tíì wọn sílẹ̀.

"Dúró ná. Ìwọ tó o gba dìgírì méjì. O wá ń so bàtà mọ́ òyìnbó lẹ́sẹ̀ nínú fìríìjì."

"Fún ìgbà díẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ohun tí ẹran inú fìríìjì náà sọ nìyẹn."

*

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ rí Mísítà Len. Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kì í sí èrò. Mo gbójú sókè lẹ́yìn káńtà, mo rí bàbá arúgbó kan tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gbé síkì lé èjìká. Kì í ṣe irú èyí tí a ń yá àwọn oníbàárà. Tiwọn kúrú, ó gbòòrò níwájú àti lẹ́yìn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Tirẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó tọ́ gbọnrangandan, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti ń ṣí.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè sọ pé mo rò ó kí n tó ṣe é. Wọ́n tọ́ mi pé tí àgbà bá ń gbé ẹrù bọ̀, tí ọmọdé sì dúró lọ́wọ́ òfìfo, àbíìkọ́ lọmọ náà. Mo ti jáde lẹ́yìn káńtà kí n tó mọ̀, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, sà," mo sì di ẹ̀yìn síkì náà mú. Kò jù ú sílẹ̀. Mo rò pé ó kàn ń fi ẹnu lásán kọ̀ ni, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ pé "fi sílẹ̀, ọmọ mi" kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Mo wá fà á díẹ̀. Òun náà fà á. Imú síkì náà yí bìrí, ó sì gbá gbogbo akoto tí a tò sórí pẹpẹ dànù sílẹ̀.

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń kú lọ ni?" ó ní.

"Rárá o, sà."

"Kí ló dé tó o fẹ́ gba nǹkan mi?"

"Mo fẹ́ bá yín gbé e ni, sà."

"Gbé e lọ síbo? Èmi ni mo fẹ́ gùn ún!"

Kayleigh, máníjà wa, ọmọbìnrin Salford tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. "Ó rò pé o fẹ́ ja òun lólè ni," ó ní.

Lẹ́yìn tí bàbá náà gun síkì rẹ̀ tán, mo lọ bẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń mu tíì. Mo ṣàlàyé fún un pé nílùú wa, tí àgbà bá ń gbé ẹrù, ọmọdé á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rò ó. "Tí ó bá gbà á tán, kí ni àgbà náà wá ń gbé?"

"Kò gbé nǹkan kan mọ́, sà. Ọ̀wọ̀ ni."

"Ó mà ṣe o," ó ní, ó sì mu tíì rẹ̀.

Len ni ó ní kí n máa pe òun. Mi ò lè ṣe é. Mo fi Mísítà sí i níwájú, ó ní ó dà bí orúkọ ẹni tó ń gẹ irun fún àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó dáhùn sí i.

*

Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa síkì, tó bá rí Mísítà Len lórí yìnyín, á ṣì mọ̀ pé ohun tó ń ṣe yàtọ̀. Àwọn yòókù máa ń ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó gun ẹṣin, wọ́n á dẹ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, síkì kúkúrú yẹn á sì yí ara rẹ̀ fún wọn. Òun á lẹ orúnkún pọ̀ mọ́ orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì á di ẹyọ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà ró. Ó máa ń fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á ta díẹ̀, á yí sọ́tùn-ún, á ta díẹ̀, á yí sósì. Ipa tó ń fi sílẹ̀ lórí yìnyín dà bí ojú abẹ́rẹ́ lórí aṣọ. Kì í dé akoto. Súwẹ́tà onírun àgùntàn ló máa ń wọ̀, àti fìlà híhun, àti bàtà aláwọ tó ń so ní okùn. Àwọn ọmọ tó wá fún ẹ̀kọ́ máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń gòkè. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ní Trafford ló ti ṣiṣẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Joan, máa ń tu owó jọ látọdún dé ọdún, wọ́n á sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí orí àwọn òkè Austria. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Joan ti kú. Áyọ́ọ̀nù tí Joan fi ń lọ aṣọ ni Mísítà Len fi ń yọ́ ìda sí ìdí síkì náà, kó lè máa yọ̀ dáadáa, di ìsinsìnyí.

"Láyé ìgbà yẹn," ó sọ fún mi, "tó o bá rí ẹ̀yìn ẹnì kan lókèèrè, o máa mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ní báyìí, síkì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Èèyàn kàn dúró lé e lórí ni, bí ẹrù."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, torí mi kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ àgbà kan nítorí pé àgbà ló sọ ọ́. Síkì tuntun rọrùn láti kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì bá ti gbìyànjú ẹ̀ rárá ló ń gun síkì lónìí. Irin tuntun máa ń jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ kí egungun tó kán. Tí a bá fi gbogbo èyí sórí òṣùwọ̀n, kò lè jẹ́ pé ayé àtijọ́ dára jù. Síbẹ̀, ohun kan wà tí mi ò lè já ní koro: ó rẹwà. Mi ò sì mọ bí a ṣe ń gbé ẹwà sórí òṣùwọ̀n.

Wọ́n máa ń jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ gun síkì kí ibẹ̀ tó kún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ́ mi ní tìgbàlódé, mo sì ń ṣubú. Mísítà Len wò mí ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó ní kí n fi orúnkún méjèèjì há a. "Má jẹ́ kó já." Ó já. Mo tún un ṣe, ó tún já. Láti oṣù tí òjò ń rọ̀ gan-an títí di ìgbà tí oòrùn díẹ̀ ń yọ ní Manchester, ìbọ̀wọ́ ń já, mò ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó wá di ọjọ́ kan, mo yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo dúró, mo wo ìsàlẹ̀, ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mísítà Len fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ yọ láàárín orúnkún mi, ó wọ̀ ọ́, ó sì gòkè lọ.

Mo fẹ́ sọ fún Bàbá mi. Mo pè wọ́n, mo rántí pé mo ti ní mi ò ní bá wọn yọ̀, mo wá ń ròyìn Mísítà Len dípò ara mi.

"Bàbá arúgbó ni?"

"Ó jù yín lọ, sà."

"Ó sì ń dá gbé ẹrù ẹ̀ wá?"

"Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á."

"Ó káre," Bàbá mi ní. "Kí Ọlọ́run dá a sí." Mo gbọ́ ohùn wọn bó ṣe yí padà. Wọ́n ti rí ẹgbẹ́ wọn.

*

Bísí ló pè mí, òun tí kì í pè nítorí owó fóònù. Ọlọ́kadà kan ti gbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá, Bàbá sì ti ṣubú sí góńtà ẹ̀gbẹ́ títì. Apá wọn wú. Egungun kò kán.

Mo wà ní yàrá mi ní Salford, mo sì ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo ro gbogbo rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ojú wọn ti ń dín kù. Ọ̀kadà ń pọ̀ sí i. Títì náà kò ní fẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá tún ṣubú, ó lè jẹ́ orí. Mi ò rí ibi tí ìrònú náà ti wọ́, mi ò sì tíì rí i títí di òní.

"Bísí, gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ sílé rẹ, kó o tì í mọ́ yàrá."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn o, Bọ̀dá mi. Èmi ò lẹ́nu ẹ̀."

Mo sọ fún wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ yín. Bísí á máa fi mọ́tò ọkọ ẹ̀ gbé yín lọ síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́." Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun," Bàbá mi ní.

Bàbá tó bí mi ló ń sọ pé ẹ ṣeun fún mi, bí ẹni tó ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò ṣòro mọ́ láti rí Bàbá mi lórí fóònù. Kó tó dún dáadáa, wọ́n á ti gbé e. Tó bá jẹ́ àárọ̀, wọ́n wà nílé. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n wà nílé. "Mo wà níbí," ni wọ́n máa ń sọ tí mo bá béèrè àlàáfíà wọn. Bísí ní kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàìsàn, wọn kì í kàn rán òun níbì kankan ni, wọn kì í sì í wọ mọ́tò náà. Ẹni tí mo ti ń wá lórí fóònù láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ti wá di ẹni tó ń dúró de fóònù. Káàdì mi kò parí lásán mọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìpè kù.

*

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníbàárà kan ṣubú, tí irin síkì tó mú wá láti ilé rẹ̀ kò jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì kán. Àwọn ọ̀gá pàṣẹ pé síkì tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lórí ẹ̀rọ ìdánwò. Èmi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ náà, torí pé mo fẹ́ràn ìwọ̀n. Ẹ̀rọ náà á yí bàtà díẹ̀díẹ̀, irin sì gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ kí agbára náà tó dé ibi tí egungun èèyàn kò lè gbà.

Ọjọ́bọ̀, Mísítà Len gbé síkì rẹ̀ lé tábìlì fún mi. Mo dè é mọ́ ẹ̀rọ. Mo yí i. Kò jọ̀wọ́. Mo fi epo sí i, mo tún un yí, kò jọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ kó jọ̀wọ́, mo sì bẹ̀rù pé ìfẹ́ náà lè wọ inú ọwọ́ mi, ni mo bá pe Kayleigh kó wá bá mi yí i. Kò jọ̀wọ́ fún òun náà.

Kayleigh fà mí sẹ́yìn. "Wò ó," ó ní, "mo fẹ́ lọ mu sìgá. Tí mo bá padà dé, tó o sọ fún mi pé ó yege, èmi ò rí nǹkan kan o. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, kò tíì ṣubú rí."

Òótọ́ ni. Mi ò tíì rí i kó ṣubú. Ṣùgbọ́n Bàbá mi náà kò tíì ṣubú rí títí di ọjọ́ tí wọ́n ṣubú.

Mo padà sídìí tábìlì. "Mísítà Len, irin yìí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín lọ tẹ́ ẹ bá ṣubú."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ṣubú."

"Mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ gòkè pẹ̀lú ẹ̀, sà. Màá yá yín ní tuntun. Ẹ ò ní san nǹkan kan."

"Tuntun." Ó wo àwọn síkì kúkúrú tó wà lára ògiri. Ó wọ̀ wọ́n ní tòótọ́. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà díẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe síkì náà nìyẹn. Ó bọ́ wọn, ó tò wọ́n sórí káńtà bí ẹni tó dá abọ́ padà fún aládùúgbò.

"Ẹsẹ̀ mi ni, àbí?" ó ní.

"Ẹsẹ̀ yín ni, sà."

"Tó bá kán, èmi ló máa dùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n o ò ní gbà."

"Mi ò lè gbà, sà."

Ó mi orí. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó wo síkì gígùn náà, ó wò mí, ó wá sọ ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Gbé e."

Mo gbé e lé èjìká. Kayleigh ní kí n máa lọ. A rìn títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, a wọ̀ ọ́, a sọ̀ ní Stretford, èmi lẹ́yìn, òun níwájú, ọwọ́ òfìfo rẹ̀ sì ń jù fìrìfìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Tó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni, àwọn èèyàn ì bá máa yìn mí ní títì pé, wo ọmọ tí wọ́n kọ́. Ẹrù náà kò wúwo rárá. Mo ti rò pé ó wúwo ni.

Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò yà fún mi.

"Máa gbé e lọ. Tó bá wà níbí, màá máa wò ó."

*

Yàrá mi kò ga tó. Mo tẹ́ síkì náà sí kọ́ridọ̀, ibẹ̀ ni Bọ̀dá Ráṣídì ti fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ ṣe àlùwàlá.

"Audhu billahi! Ta ló gbé igi òkè ilé síbí?"

Mo sọ ìtàn náà fún wọn, ti síkì àti ti kẹ̀kẹ́, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi so méjèèjì pọ̀. Mo ní ohun tó tọ́ ni mo ṣe nínú méjèèjì. Mo ní àgbà ni wọ́n, mo fẹ́ kí wọ́n sinmi, ọ̀wọ̀ ni.

Bọ̀dá Ráṣídì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. "Àwọn arúgbó tí mò ń tì lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n máa ń bẹ̀ mí pé àwọn lè rìn. Àwọn míì lè rìn lóòótọ́. Òfin ní kí n tì wọ́n, mo sì ń tì wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn rí pé ọ̀wọ̀ ni." Wọ́n dìde. "Gbé igi ẹ kúrò lọ́nà mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn mi. Irin Mísítà Len á ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Bàbá mi ńkọ́? Mi ò wọn nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo wà lókèèrè, mi ò lè sáré dé góńtà, mo wá gba ohun tó lè gbé wọn dé góńtà, kí n lè máa sùn ní Salford. Oorun mi ni mo fi kẹ̀kẹ́ wọn rà, mo sì pè é ní ìsinmi wọn.

Mo pe Bísí.

"Ká dá kẹ̀kẹ́ padà kẹ̀?" ó pariwo. "Bọ̀dá mi, tí wọ́n bá tún ṣubú ńkọ́? Ẹ̀yin wà ní Manchester o. Èmi ni màá gbé wọn dìde."

Òótọ́ ni, kò sì sí bí mo ṣe lè yí i. Mo ní, "Mi ò pàṣẹ fún ẹ lọ́tẹ̀ yìí. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni. Tó o bá ní rárá, rárá náà ni."

"Wọn kì í bá mi jà mọ́," ó ní. "Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bá mi jà lórí ìdọ̀tí àgbàlá. Wọ́n kàn ń kọjá lára ẹ̀ báyìí." Ó fọn imú. "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, màá gbé e wá."

Bàbá mi gbé fóònù kó tó dún dáadáa.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ yín wà lọ́dọ̀ Bísí. Tiyín ni, sà."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni. Èmi ni mo rà á."

"Mi ò bi yín kí n tó ní kí wọ́n gbé e. Ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Táyà ẹ̀ á ti máa fẹ́ afẹ́fẹ́," wọ́n ní. Bísí gbé e padà fún wọn.

*

Mo bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ó bá mi yọ irin àtijọ́ kúrò lára síkì Mísítà Len, a so tuntun mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ó yí i padà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Stretford, mo sọ fún un pé màá gùn ún ní ọjọ́bọ̀ kí ibẹ̀ tó kún, tó bá fẹ́ wá wò ó. Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun ò bọ̀.

Ó wá. Láti òkè, mo rí i lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí wọ́n ti ń ta tíì, ó jókòó láìsí ohun kan lọ́wọ́ bí kò ṣe ife. Síkì náà gùn, kò rọrùn láti yí, èèyàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo lẹ ẹsẹ̀ mi pọ̀. Mo ta, mo yí, mo ta, mo yí. Láàárín, orúnkún mi yà, mo tún un kó jọ. Ìgbà tí mo fi máa bọ́ bàtà tí mo sì jáde, ó ti lọ. Tíì rẹ̀ kún síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta tíì ní ó fi iṣẹ́ rán òun sí mi.

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé orúnkún."

"Kí ló tún sọ?"

"Ìyẹn nìkan."

Mi ò lè sọ pé mo ti san ohunkóhun padà fún un. Ó wá lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò wá mọ́. Síkì náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, imú rẹ̀ yọ síta, mo sì máa ń yà fún un tí mo bá ń kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ yẹn náà, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo pe Bàbá mi. Ó dún, wọn ò gbé e. Ó dún títí ó fi já. Mo tún un pè. Bó ṣe ń dún, mo rí góńtà, mo rí ọ̀kadà, mo rí apá tó wú. Mo tún rí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó gba ẹ̀yìn fò kọjá orí ìjókòó láìyára. Ọwọ́ mi ti wà lórí nọ́ńbà Bísí, mo sì gbé e kúrò.

Mo tún pe fóònù Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbé e sétí, mo sì jẹ́ kó máa dún.

"Ẹsẹ̀ yín ò ní yọ̀, Bàbá," mo ní.

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Wọ́n ti jáde.